Ihò Àdán Orí Òkè

Sòbìà ló dá Lábọ̀dé dúró sílé ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà. Ó yọrí ní ojúgun rẹ̀ nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti di ẹrù obì tán, tí wọ́n ti fi ewé tútù bo ojú agbọ̀n, tí ọ̀nà Ìlọrin sì ti gbẹ dáadáa fún oníṣòwò. Ẹsẹ̀ náà wú bí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ojú ibi tí kòkòrò náà gbà yọ ń ṣomi, omi náà ń rùn, eṣinṣin sì ti sọ ibẹ̀ di ọjà. Ojoojúmọ́ ni ìyàwó rẹ̀ ń fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, tí yóò wá rọra wé orí sòbìà náà mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, kí ó má baà já sínú ẹran ara. Lábọ̀dé kì í wo ibẹ̀. Ó máa ń kọjú sí ògiri, á sì di imú rẹ̀ mú bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni.

Issa ló wá kí i kẹ́yìn. Ìsàlẹ̀ ọjà Ìlọ́fà ni Issa ń gbé, òun àti Lábọ̀dé sì ti jọ ń ná Ìlọrin láti ìgbà tí òyìnbó ti ṣẹ́ Tápà ní Bídà, tí ọ̀nà fi dẹrùn. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, kò wọlé. Òórùn ẹsẹ̀ náà kò jẹ́ kó wọlé.

"A óò bá ọ kí Abdulkadir," ni Issa wí.

"Ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé ẹsẹ̀ ni."

Abdulkadir ni onílé wọn ní Ìlọrin. Nínú gbogbo ibi tí Lábọ̀dé dé láyé, kò rí ilé tó mọ́ tó ti Abdulkadir. Wọ́n ń gbá àgbàlá rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n tún ń gbá a nírọ̀lẹ́. Ẹní tí wọ́n ń tẹ́ fún àlejò kò ní eruku. Ẹran màlúù ni wọ́n ń gbé síwájú èèyàn níbẹ̀, èyí tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n ti fi iyọ̀ àti ata pa lára, kì í ṣe ohun tí èèyàn yóò kọ́kọ́ wò lójú kí ó tó mọ irú ẹranko tó jẹ́. Ibẹ̀ ni Lábọ̀dé ti kọ́ bí a ti ń fọ ọwọ́ dé ìgúnpá kí a tó jẹun. Ibẹ̀ náà ló ti kọ́ bí a ti ń yínmú sí ohun tí ará ilé ẹni ń jẹ.

Nígbà tí Issa àti àwọn yòókù lọ tán, ó wá ku Lábọ̀dé, ó ku imú rẹ̀.

Ìyá Bọ́sẹ̀dé, ìyàwó rẹ̀, ń se irú tà. Kò sí ọjọ́ tí irú kò sí lórí iná, tàbí kó wà nínú ewé lẹ́yìn ààrò kó máa bà. Òórùn náà ń wọ aṣọ, ó ń wọ omi mímu, ó ń wọ ẹní tí èèyàn fẹ̀yìn lé. Àwọn ewúrẹ́ ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣu sí. Yèyé, ìyá tó bí Lábọ̀dé, fẹ́ràn ìgbín púpọ̀. Ìka ló fi ń fà á yọ láti inú ìkarahun, ikun rẹ̀ á máa fà dé àyà rẹ̀, kò sì ní nù ún. Lábọ̀dé ń wo gbogbo rẹ̀ láti orí ẹní. Òun ló kọ́ ilé yìí, ṣùgbọ́n kò tíì jókòó sínú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn rí. Ìgbà òjò nìkan ló mọ̀ ọ́n sí, ìgbà òjò sì rèé, gbogbo èèyàn á ti wà lóko.

Ohun tó tún ń bí i nínú ju òórùn lọ ni ẹ̀rín wọn. Bọ́sẹ̀dé, àkọ́bí rẹ̀, ti ń di ọmọge. Adégbóyèga àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín iwájú ni. Bí àwọn méjèèjì bá ti jókòó ti ìyá wọn àti Yèyé nídìí ààrò nírọ̀lẹ́, ẹnì kan á kàn sọ pé, "Bíi ti ọjọ́ tí Yèyé jókòó lé oyin," gbogbo wọn á sì rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wọn.

"Oyin wo?" ni Lábọ̀dé bi wọ́n lọ́jọ́ kan.

Wọ́n wo ara wọn. "Ẹ kò sí nílé nígbà náà, Bàbá," ni Bọ́sẹ̀dé wí. Ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, bí a ti ń dá àlejò lóhùn.

Lábọ̀dé ní òun náà ní ìtàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ràkúnmí tó rí lẹ́yìn ọjà Ìlọrin, bí ó ti ń na ọrùn sókè tó ń wo èèyàn bí ẹni tó ń ṣe fújà, àti bí àwọn tó ni ín ti ń fi igi tọ́ ọ kí ó tó kúnlẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ ọ ní ọdún tó kọjá. Wọ́n sì gbọ́ ọ ní èyí tó ṣáájú rẹ̀. Kí ràkúnmí náà tó dìde, Adégbóyèga ti sùn lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ìrù sòbìà náà jáde. Ìyá Bọ́sẹ̀dé jù ú sínú iná, ó ta ṣẹ́ṣẹ́ bí ọ̀rá. Ojú egbò bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé, Lábọ̀dé sì ń fi ọ̀pá rìn yí ká àgbàlá. Nígbà tó lè ju ọ̀pá náà nù, Yèyé wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ti jinná," ló wí. "Ìyá Bọ́sẹ̀dé, kò sí aláìsàn nílé mọ́. Jẹ́ kí á lọ sí Òkè Àdán lọ́la."

Adégbóyèga fò sókè. Bọ́sẹ̀dé ti sáré wọlé lọ yẹ àwọ̀n wò. Ìyá wọn, tí Lábọ̀dé mọ̀ sí obìnrin tí kì í yára sí nǹkan kan, ti ń sọ irú kalẹ̀ lórí iná kí ó lè ráyè.

Lábọ̀dé mọ òkè náà. Ọmọdé tó tó Adégbóyèga yìí ni òun náà nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà ń kó èèyàn ní gbogbo agbègbè náà, láti Ọ̀sí dé Kòrò. Inú ihò àpáta tó wà lórí òkè yẹn ni bàbá rẹ̀ kó wọn sá sí: òun, Yèyé, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ọ̀rọ̀ kò tíì là lẹ́nu rẹ̀ tán. Kò rántí ẹṣin. Kò rántí ìbọn. Òórùn ló rántí. Ìgbẹ́ àdán tó ga dé kókósẹ̀, tó rọ̀, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí aáyán ń rìn nínú rẹ̀ débi pé gbogbo ilẹ̀ ń mì. Ìtọ̀ àwọn àdán náà tó ń kán síni lójú nígbà tí a bá ń sùn. Ẹran àdán tí wọ́n fi iná díẹ̀ bà lára nítorí èéfín, tí kò jinná, tí kò ní iyọ̀, tí bàbá rẹ̀ fi ìka tì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ibẹ̀ ni ìgbẹ́ ọ̀rìn ti mú àbúrò rẹ̀, tí kò sí omi tí wọ́n lè fi fọ̀ ọ́, ibẹ̀ náà ló sì kú sí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, Lábọ̀dé kò gun òkè náà mọ́. Bí ó bá ń lọ sóko, etí odò ló ń gbà kí ojú rẹ̀ má baà kàn án.

"Ẹ̀yin ni ẹ ń kó àwọn ọmọ mi lọ síbẹ̀?" ló bi ìyá rẹ̀.

"Ọdọọdún," ni Yèyé wí. "Ẹ̀ẹ̀rùn kan kì í kọjá."

"Kí ni ẹ ń wá níbẹ̀?"

"Àdán."

"Wọ́n ń jẹ ẹ́?"

"Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹran ìgalà lọ," ni Ìyá Bọ́sẹ̀dé dá sí i láti ẹ̀yìn ààrò.

Lábọ̀dé tutọ́ sílẹ̀. Ó ní ọmọ òun kò ní jẹ ohun ìríra bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹranko kò tán nínú igbó, tí èèyàn yóò fi máa jẹ ohun tó ń dorí kodò lórí ìgbẹ́ ara rẹ̀.

"Kò sí ẹni tó bẹ̀ ọ́ pé kí o bá wa lọ," ni Yèyé wí. "Jókòó sílé kí o máa ṣọ́ irú."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú un lọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ń lọ kí òun lè fi ojú ara òun rí ẹ̀gbin tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ òun sí, kí òun sì fòpin sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ká sọ òtítọ́, kò tún lè jókòó ti irú náà nìkan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹni tó bá rí bí wọ́n ti ń di ẹrù á rò pé wọ́n ń lọ sí Lọ́kọ́ja ni. Àwọ̀n wà, iṣu wà, epo pupa wà nínú akèrègbè kékeré, ògùṣọ̀ wà, àdá wà, agbè omi sì wà. Bọ́sẹ̀dé ló ń pín ẹrù fún kálukú. Ó gbé agbè omi lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, kò bi í bóyá ó fẹ́. Lábọ̀dé, tó ti fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà Ìlọrin títí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fi le bí awọ bàtà, bẹ̀rẹ̀ sí í ka ara rẹ̀ sí ẹni tí yóò ṣáájú. Kò tíì làágùn tí wọ́n fi dúró. Wọ́n ti dé ìsàlẹ̀ òkè, etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ odó tí wọ́n ń gún nínú ìlú.

"Ṣé ibí náà ni?"

"Ibí náà ni, Bàbá."

"Ibi tí ẹ tìtorí rẹ̀ kò sùn láti àná nìyí?" Ó ta ẹnu pọ̀ọ́. "Bí ẹnì kan bá sín nílé, a óò gbọ́ ọ níbí."

"Ẹni tó bá sín ń kọ́?" ni Adégbóyèga wí. "A óò kí i pé ó kú ewu." Yèyé sì rẹ́rìn-ín.

Ìgòkè náà burú ju bí Lábọ̀dé ti rò lọ. Koríko gbígbẹ ń wọ̀ ọ́ láàárín ìka ẹsẹ̀, èèmọ́ lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀ títí dé orúnkún. Níbi tó ti fa ìtàkùn kan kí ó lè fi gun òkè, wèrèpè ló fà, ó sì gbọ̀n sí i lọ́rùn. Ó họ ọrùn títí ó fi bó. Ìyá Bọ́sẹ̀dé ní kó dúró, ó gbo ewé kan, ó tutọ́ sí i, ó sì fi ra á lọ́rùn, itọ́ aláwọ̀ ewé náà ń ṣàn wọ inú agbádá rẹ̀. Ìríra fẹ́ẹ̀ pa á, ṣùgbọ́n híhọ náà lọ sílẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè láti sọ̀rọ̀, ìyàwó rẹ̀ ti ká ìró rẹ̀ wọ ìdí, ó sì ti wà lórí àpáta lókè, ó ń rìn lórí rẹ̀ láìbojú wẹ̀yìn bí alángbá. Lábọ̀dé dúró wò ó. Ó ti fẹ́ obìnrin yìí láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní ọmọge, kò mọ̀ pé ó lè gun àpáta.

Kí wọ́n tó rí ẹnu ihò náà ni òórùn rẹ̀ ti pàdé wọn. Ó dà bí ìtọ̀ àná, bí ẹyin tó ti dọ̀bu, bí aṣọ òkú. Ó ń ta nínú imú, ó ń mú kí ojú ṣomi. Lábọ̀dé fi etí agbádá bo ẹnu. Kò sí ohun kan tó yí padà nínú òórùn náà láti ìgbà Tápà.

Bọ́sẹ̀dé kò náání òórùn. Ó ń pín iṣẹ́. Yèyé yóò dúró sí apá ọ̀tún ẹnu ihò, bàbá òun sí apá òsì, wọn yóò na àwọ̀n sí àárín. Òun àti ìyá òun yóò gba ẹ̀yìn àpáta lọ, níbi tí ihò kékeré kan wà, wọn yóò ti èéfín ògùṣọ̀ sínú rẹ̀. Nígbà tí èéfín bá kún inú, àwọn àdán yóò gba iwájú jáde sínú àwọ̀n.

"Adégbóyèga ń kọ́?" ni Lábọ̀dé bi í.

"Òun ló ń wọlé lọ lé àwọn tó bá kù. Ẹ má yanu, Bàbá. Bí wọ́n bá ń bọ̀, kí ẹ pa ẹnu dé."

"Ọmọ mi kò ní wọ inú ìgbẹ́ yẹn."

Ṣùgbọ́n Adégbóyèga ti wọlé. Ó ti dùbúlẹ̀, ó ti fi àyà wọ́ gba abẹ́ àpáta, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù níta, kò sì pẹ́ tí ìyẹn náà fi wọlé.

Lábọ̀dé ju etí àwọ̀n sílẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, òun tó ń fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó sì fi àyà wọ́ tẹ̀lé ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ rì. Ohun tó rì sí rọ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń yọ́ láàárín ìka rẹ̀. Aáyán gba ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kọjá, wọ́n ń wọ inú apá agbádá rẹ̀. Ó gbìyànjú láti má mí, ṣùgbọ́n ó mí. Nígbà tó dé ibi tó lè kúnlẹ̀, òkùnkùn ló bá níbẹ̀, àti ohùn tó ń ké wín-ín wín-ín lókè orí rẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀, bí ilẹ̀kùn aláìlépo. Èéfín ti ń wọlé. Kò rí ọmọ náà.

"Gbóyèga," ló pè. Ó tún pè é, ó gbójú sókè, ó fi gbogbo ẹnu pè é: "Gbóyèga."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti já bọ́ láti òkè, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Apá wọn ń gbá a lójú, ó tutù, ó rọ̀ bí awọ inú. Ọ̀kan lẹ̀ mọ́ irun orí rẹ̀. Òmíràn, bó ti ń kọjá lókè rẹ̀, tú ohun tó wà nínú ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kò sì wọ ibòmíràn, àfi ẹnu Lábọ̀dé tó yà sílẹ̀ gbayawu.

Ó bì. Ó bì nínú ihò, ó wọ́ jáde, ó tún bì níta. Ó fi koríko nu ahọ́n, ó fi iyẹ̀pẹ̀ nù ún, ó fi omi agbè ṣan ẹnu títí agbè fi ku díẹ̀ kó gbẹ. Nígbà tó gbójú sókè, Adégbóyèga wà níwájú rẹ̀, ó dúdú láti orí dé ẹsẹ̀, àfi eyín rẹ̀.

"Ó ṣu sí yín lẹ́nu?" ni ọmọ náà bi í.

Ẹ̀rín sọ. Yèyé ló bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìhà mú. Bọ́sẹ̀dé àti ìyá rẹ̀ yọ láti ẹ̀yìn àpáta pẹ̀lú èéfín lójú, wọ́n bèèrè pé kí ló dé, nígbà tí Adégbóyèga sì sọ ọ́, Ìyá Bọ́sẹ̀dé fi orí lé èjìká ọmọbìnrin rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ìbínú gbé Lábọ̀dé dìde. Kì í ṣe ìyàwó rẹ̀ ló kọjú sí, ìyá rẹ̀ ni.

"Ibí yìí," ló wí. "Ibí tí ọmọ yẹn ti kú sínú ìgbẹ́. Ibí ni ẹ jókòó sí, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ tún kó àwọn ọmọ mi wá kí wọ́n wá bá yín rẹ́rìn-ín. Ara mi kọ̀ ọ́, Yèyé. Ẹ̀yin náà, ara mi kọ̀ yín."

Ẹ̀rín náà dá. Nínú àwọ̀n tí Yèyé ti dá ká jọ, àwọn àdán ń jà pàtìpàtì. Yèyé nu ojú rẹ̀, ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó sì mú un lọ́wọ́, pẹ̀lú gbogbo ìgbẹ́ tó wà níbẹ̀.

"Wá," ló wí.

Ó mú un yí àpáta náà po lọ sí abẹ́ igi kékeré kan. Òkúta wà níbẹ̀, wọ́n kó o jọ, kò ga. Ẹnì kan ti tu koríko ìdí rẹ̀. Ní orí rẹ̀, wọ́n ti gbé iṣu díẹ̀ sí, epo ṣì ń dán lára rẹ̀.

"Ibí ni a máa ń kọ́kọ́ yà," ni Adégbóyèga wí lẹ́yìn wọn. "Kí ẹ tó gòkè dé ni a ti kí i. Ẹ ń họ ọrùn lọ́wọ́ nígbà náà. Ìbídùn nìyí."

Láti ìgbà tí Lábọ̀dé ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà, kò pe orúkọ àbúrò rẹ̀ yẹn rí. Ó ń sọ pé "ọmọ yẹn", bí ẹni pé ọmọ aládùúgbò ni. Ọmọ tirẹ̀ wá ń pè é bí a ti ń pe ará ilé.

"N kò sin ín sílé," ni Yèyé wí. "Níbo ni kí n lọ? Nígbà tí mo bá dá wá, mo ń sunkún ni, òórùn ni mo ń gbọ́, mo sì ń bá àìsàn padà sílé. Nígbà tí Bọ́sẹ̀dé ti lè rìn, mo gbé e dání. Ó rí àdán, ó pàtẹ́wọ́. Mo ní ó dáa, kí á máa bọ̀."

"Òórùn náà wà níbẹ̀ síbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀. Ó ń rùn gan-an ni." Ó wò ó. "Ṣé o rántí bí Ìbídùn ti máa ń ṣe bí àdán? Á fi ẹsẹ̀ kọ́ èjìká bàbá rẹ, á dorí kodò, á máa ké wín-ín. Ìwọ náà á gùn ún ní èjìká kejì. Ẹ̀rín yín pọ̀ débi pé aṣọ ni bàbá rẹ ń fi bò yín lẹ́nu, kí Tápà má baà gbọ́."

"N kò rántí."

"Èmi rántí."

Lábọ̀dé wá inú rẹ̀ wò, ó wá a títí. Kò rí èjìká, kò rí ẹ̀rín. Ìgbẹ́ ni ó bá níbẹ̀, àti ìka bàbá rẹ̀ tó ń ti ẹran tútù sí i lẹ́nu. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn lórí òkè yìí, ẹ̀gbin ni òun yàn, tí òun rù lọ sí Ìlọrin, tí òun ń rù bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà bí i nínú ju ti ẹnu rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò rí ẹni tó máa bá jà.

Wọ́n dáná ní ẹ̀gbẹ́ òkè. Wọ́n kọ́kọ́ sun irun ara àwọn àdán náà, òórùn irun jíjó sì gba ojú ọ̀run. Ojú wọn dà bí ojú ajá kékeré tí inú ń bí, eyín wọn yọ síta, ọ̀rá ń kán láti ihò imú wọn. Yèyé fi eyín ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ orí ọ̀kan, ó sì ń fa ọpọlọ rẹ̀ mu pẹ̀lú ariwo. Lábọ̀dé kọjú sí ìlú.

"Ẹ tọ́ ọ wò, Bàbá," ni Adégbóyèga wí, ó na apá àdán kan sí i, èyí tó ti ká bí ewé gbígbẹ.

"Rárá."

"Díẹ̀."

"Mo ní rárá. Mo ti jẹ ìpín tèmi tán kí wọ́n tó bí ọ."

Ìyá Bọ́sẹ̀dé bó iṣu sísun fún un, ó fi ewé dì í nítorí ó mọ̀ pé kò ní fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un. Ó jẹ ẹ́. Láti ibi tó jókòó, ó rí òrùlé ilé rẹ̀, ó rí èéfín, ó rí ọ̀nà Ìlọrin tó gba ẹ̀yìn ìlú jáde lọ. Kò wo ìlú náà láti òkè rí. Àwọn ọmọ sì ń jà nídìí ẹni tó kó àdán jù, ìyá wọn sì ń parọ́ pé òun ni.

Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ ohun tó wọ Lábọ̀dé lẹ́nu ti kárí àdúgbò. Adégbóyèga sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tó ń pọn omi, àwọn náà sọ ọ́ nílé. Àgbà kan kí i pé ó kú oúnjẹ, Lábọ̀dé sì wọlé, kò jáde mọ́. Ó fi eérú ilé àti orógbó fọ ẹnu, síbẹ̀ gbogbo ohun tó bá jẹ, ìgbẹ́ àdán ni. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun kò tún ní bá wọn lọ sí ibì kankan títí òun yóò fi kú. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ó dáa."

Nígbà tó ṣe, ó jókòó sínú ilé lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lábẹ́ igi iwájú ilé, níbi tí àwọn ọmọ àdúgbò pé yí i ká.

"Àdán kékeré kan ló ṣu sí Bàbá lẹ́nu," ni Adégbóyèga ń wí, "Bàbá sì gbé e mì."

Lábọ̀dé fara dà á díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jáde.

"N kò gbé e mì," ló wí. "Mo tu ú. Kì í sì í ṣe èyí kékeré. Àdán tó ṣu sí mi lẹ́nu tóbi tó ọmọ ajá." Àwọn ọmọ náà yí ojú sí i. Ó rí i pé wọ́n ń retí. "Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ti rí. Mo wà lórí orúnkún mi báyìí," ló sì kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀, "òkùnkùn ṣú biribiri, aáyán ń rìn lọ́rùn mi bí ẹni tó ń lọ sọ́jà." Ó fi ọwọ́ ṣe bí wọ́n ti ń fò. Ó fi ẹnu ṣe bí ó ti yanu. Ó fi hàn wọ́n bí òun ti bì, lẹ́ẹ̀mejì, nítorí wọ́n ní kó tún un ṣe. Díẹ̀ ló kù kó bì ní tòótọ́ bó ti ń ṣe é. Nígbà tó gbójú sókè, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọpọ́n irú lọ́wọ́, ó ń wò ó. Kò sí ọmọ kankan tó sùn.

Issa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ dé láti Ìlọrin nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ sópin. Issa mú àlùbọ́sà wá láti ọ̀dọ̀ Abdulkadir. Ó sọ ìròyìn ọ̀nà tuntun tí òyìnbó ń là, àti ti ajá tó bu ọkùnrin kan jẹ ní ìsọ̀ ẹlẹ́ran. Lábọ̀dé gbọ́ ọ dáadáa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yún un fún ọ̀nà, kò parọ́ fún ara rẹ̀.

"Ìrìn tó ń bọ̀ ń kọ́?" ni Issa bi í. "A óò dẹrù lẹ́yìn ọjà tó kàn."

"N óò bá yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jẹ́ ká wá akàn tán. Bọ́sẹ̀dé ní àbàtà tó wà lọ́nà Kòrò ti ń gbẹ."

Issa wò ó. "Ìwọ, nínú ẹrẹ̀ yẹn? Ó ń rùn."

"Ó ń rùn burúkú. Mo lọ wò ó lánàá. Òkú ẹja kún ojú rẹ̀." Lábọ̀dé yínmú. "Òórùn rẹ̀ kò tíì kúrò lára mi."

Ní ọjọ́ kejì ó wà nínú rẹ̀ dé itan. Ẹrẹ̀ náà dúdú, ó ń tú ìfófòó sókè, ìfófòó kọ̀ọ̀kan sì ń bẹ́ jáde pẹ̀lú òórùn tirẹ̀. Eṣúṣú ti lẹ̀ mọ́ ọn lápá, Adégbóyèga sì ń fi iyọ̀ lé wọn kúrò, ó ń kà wọ́n sókè. Yèyé jókòó sórí ebè, ó ń júwe ibi tí kálukú yóò tẹ̀. Bọ́sẹ̀dé fi ìka han bàbá rẹ̀ ní ihò kan ní ẹ̀gbẹ́ ẹrẹ̀. Lábọ̀dé ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Inú ihò náà tutù, ó ń yọ̀, ó dà bí ilá tó ti bàjẹ́ nínú ìkòkò. Itọ́ kún ẹnu rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti kàn án?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"N kò tíì kàn án."

"Àwọn ńlá máa ń wà nísàlẹ̀."

Ó bú ẹrẹ̀ náà, ó bú akàn, ó yí ojú sẹ́yìn kí imú rẹ̀ lè rí afẹ́fẹ́ díẹ̀, ó sì ti ọwọ́ náà wọlé dé èjìká.